Àálè Tí Bàbá Wùnmí Pa Sórí Ẹyin Ìjàpá Òkun

Agogo mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ní àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, nínú oṣù kejì ọdún yìí, ni Ṣẹ́gun, ọ̀kan nínú àwa tí a jọ ń ṣiṣẹ́, kan ilẹ̀kùn yàrá tí mo ń sùn, tó ní kí n jáde wá wo ibi tí òkun dé. Kò pariwo. Ṣùgbọ́n èmi ni ẹni tí àyà rẹ̀ máa ń já bí fóònù bá ṣàdédé dún, nítorí náà mo ti wà lẹ́nu ọ̀nà kí n tó rántí bàtà. Nígbà tí a dé etí òkun, mo rí i pé omi ti gun yanrìn dé ibi tí kò dé rí láti ìgbà tí mo ti ń gbé níbẹ̀. Ó ti jẹ ilẹ̀ wọlé bí ìgbà tí ènìyàn fi ọ̀bẹ gé búrẹ́dì. Ìtẹ́ ìjàpá òkun kan ṣoṣo tó kù fún wa ní ọdún yìí kò jìnnà sí ibi tó jẹ dé mọ́, àwọn ẹyin inú rẹ̀ kò sì ní pẹ́ pa. Ṣẹ́gun ní bí òkun bá tún kún ní ọ̀sán, ó ti tán nìyẹn.

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde ni mí. Ìyá mi ń ta abọ́ àti ìkòkò ní ọjà Òkè-Ajé, bàbá mi sì ń ta irin ìkọ́lé. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú ẹbí wa tó ní nǹkan ṣe pẹ̀lú òkun. Ẹ̀kọ́ nípa ẹranko ni mo kọ́ ní yunifásítì. Lẹ́yìn tí mo sìnrú ìlú tán, mo padà sílé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìwé ìwáṣẹ́ káàkiri. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ti jókòó sílé rí lẹ́yìn ìwé kíkà, ẹ ó mọ bó ṣe máa ń rí lára tí àwọn ará àdúgbò bá ń bi ìyá ẹni pé, "Rọ́fíà ò tíì ríṣẹ́ ni?" Wọn kò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Àánú mi ló ń ṣe wọ́n, ìyẹn gan-an ló sì ń dùn mí jù, nítorí pé a lè bínú sí ẹni tó ń fini ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n kí ni a fẹ́ ṣe fún ẹni tó ń káàánú ẹni?

Inú ipò yìí ni mo wà nígbà tí olùkọ́ tó kọ́ mi ní ilé ẹ̀kọ́ girama ránṣẹ́ pè mí. Ó ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n Mọ̀mí Tíṣà ni gbogbo wa ṣì ń pè é. Ó sọ fún mi pé òun ti kó àwọn ọ̀dọ́ díẹ̀ jọ, tí àwọn ń yọ̀ǹda ara wọn láti dáàbò bo ìjàpá òkun ní etíkun ìpínlẹ̀ wa, nítorí pé wọ́n ń tán lọ. Kò sí owó oṣù níbẹ̀. Oúnjẹ àti ibùsùn nìkan ló wà. Nígbà tí mo sọ fún ìyá mi, ó gbé abọ́ tó ń nù sílẹ̀. Ó ní ṣé torí kí n lè máa ṣọ́ ìjàpá ni òun ṣe rán mi lọ sí yunifásítì. Bàbá mi ló gbà mí sílẹ̀. Ó ní ẹ jẹ́ kó lọ, ó sàn ju kó máa wo àjà ilé lọ.

Láti Ìjẹ̀bú-Òde, Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ ni a máa ń gbà kọjá, tí a ó máa lọ títí tí ọ̀nà ọ̀dà ó fi tán, kí a tó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí abúlé apẹja tí a ti ń ṣiṣẹ́. Mi ò ní dárúkọ abúlé náà, nítorí pé àwọn tó ń wú ẹyin náà máa ń gbọ́ ìròyìn bí tiwa.

Jẹ́ kí n ṣàlàyé iṣẹ́ náà díẹ̀. Ìjàpá òkun kì í gbé orí ilẹ̀. Inú omi ló ń gbé, ṣùgbọ́n bí ìyá rẹ̀ bá fẹ́ yé ẹyin, ó gbọ́dọ̀ wọ́ ara rẹ̀ jáde wá sórí yanrìn. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ló fi ń gbẹ́ kòtò tó jìn tó apá ènìyàn, yóò yé ẹyin sínú rẹ̀, yóò bò ó, yóò sì padà sínú òkun. Kò tún ní bojú wẹ̀yìn mọ́. Ooru yanrìn ni yóò pa ẹyin náà, ó sì máa ń tó bí oṣù méjì. Kòtò yìí ni à ń pè ní ìtẹ́. Nǹkan tó ń tú ìtẹ́ fó ni ipa tí ìyá ìjàpá fi sílẹ̀ nígbà tó ń wọ́ lọ wọ́ bọ̀, nítorí ipa náà máa ń fẹ̀ bíi ti táyà katakata. Ẹni tó bá fẹ́ wú ẹyin kàn máa tẹ̀ lé e ni. Nítorí náà, iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ́ mi ni ilẹ̀ gbígbá. Bẹ́ẹ̀ ni, ìgbálẹ̀ ni wọ́n kó lé mi lọ́wọ́ pé kí n máa gbá ipa náà nù láràárọ̀. Nígbà tí ìyá mi pè mí, tó bi mí pé kí ni mo ń ṣe, mo sọ òótọ́ fún un pé mo ń gbá etí òkun. Ó wá bi mí bóyá mo ti jẹun.

Ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ náà ni Bàbá Wùnmí, apẹja àgbà kan tí ẹsẹ̀ kò jẹ́ kó lọ sójú agbami mọ́. Òun ni ọmọ abúlé tó ń bá wa ṣọ́ etíkun. Ó máa ń pe àwọn ìjàpá náà ní "àwọn ìyàwó", bí ọ̀kan bá sì gòkè wá, yóò ní ká dákẹ́, ká má tan iná sí i lójú, nítorí pé aboyún kì í fẹ́ ariwo. Ọmọ kan ṣoṣo ló ní láyé, Wùnmí, tí gbogbo abúlé fi orúkọ rẹ̀ ń pè é. Ṣùgbọ́n òun àti Wùnmí kì í sọ̀rọ̀. Ẹ wo bó ṣe máa ń rí: lójoojúmọ́ ni wọ́n ń fi orúkọ ọmọ yìí pè é, yóò sì máa jẹ́ ẹ, bẹ́ẹ̀ bí wọ́n bá pàdé lọ́nà, oníkálukú á máa wo òkun.

Ìdí ìjà wọn kò fara sin. Ẹja yíyan ni iṣẹ́ Wùnmí, ṣùgbọ́n bí ẹja kò bá pọ̀, ó máa ń wú ẹyin ìjàpá tà fún àwọn tó ń wọ ọkọ̀ wá rà á. Ìyá rẹ̀ ti ṣe é rí, ìyá ìyá rẹ̀ náà ṣe é. Nígbà tí bàbá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bá wa ṣọ́ ìtẹ́, ó ní bàbá òun ti gba oúnjẹ lẹ́nu òun fún àwọn ará Ìjẹ̀bú-Òde. Bàbá náà ní bí ó bá ń wú u bẹ́ẹ̀, ọmọ tirẹ̀ kò ní mọ ohun tí ń jẹ́ ìjàpá òkun. Ibẹ̀ ni wọn kò ti bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́.

Ní ọdún yìí, gbogbo ilẹ̀ tí mo gbá kò ràn wá lọ́wọ́. Wọ́n ń wú ìtẹ́ wa tẹ̀léra tẹ̀léra. Bí mo bá dé ibẹ̀ ní àárọ̀ tí mo rí kòtò òfìfo, ó máa ń ṣe mí bíi pé èmi ni mo sọ nǹkan tí wọ́n fi síkàáwọ́ mi nù. Mo mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n bó ṣe ń ṣe mí nìyẹn. Nígbà tó ku ẹyọ kan, Bàbá Wùnmí ní ó tó. Ó ní òun yóò ṣe ohun tí bàbá òun máa ń ṣe sí ìdí igi àgbọn rẹ̀. Ó fẹ́ pa àálè.

Ó ṣeé ṣe kí àwọn ọ̀dọ́ kan má mọ àálè mọ́. Àmì ni, tí àwọn bàbá wa máa ń gbé kọ́ sára ohun ìní wọn kí olè má baà fọwọ́ kàn án; ẹni tó bá fọwọ́ kàn án, èpè rẹ̀ á jà á. Bàbá ri ọ̀pá kan mọ́lẹ̀ lórí ìtẹ́ náà. Ó so ìdajì bàtà tó ti gbó mọ́ ọn, ó so ògbólógbòó ìgbálẹ̀ mọ́ ọn, ó wá fi àkísà pupa wé gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó sì sọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ sí i. Mọ̀mí Tíṣà, tó jẹ́ ìyá ìjọ, ló ní òun ń lọ ra omi mímu lójú ẹsẹ̀ tí Bàbá mú ọ̀pá jáde. Nígbà tó padà dé, ó wo àálè náà, ó wo ojú ọ̀run, ó ní oòrùn mú. Mùsùlùmí ni mí. Ṣùgbọ́n mi ò lè purọ́ fún yín, inú mi dùn, nítorí pé láti ọjọ́ náà lọ, ẹnikẹ́ni kò sún mọ́ ìtẹ́ náà. Àwọn ọmọdé tó ń gbá bọ́ọ̀lù pàápàá gbé eré wọn lọ sí ibòmíràn.

Ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò rò ni pé ọjọ́ kan lè dé tí àwa fúnra wa ó fẹ́ fọwọ́ kàn án.

Ọjọ́ Jímọ̀ yẹn ló dé. Bí ìtẹ́ bá wà nínú ewu omi, à máa ń hú ẹyin náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ká gbé e lọ sí ibi gíga. Ṣẹ́gun ti gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì dání. Ó bọ́ sí iwájú, ó rìn dé ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá náà, ó sì dúró. Ọmọ Ìbẹ̀fun ni, aláwàdà ni, kò sí ohun tí kì í fi ṣẹ̀fẹ̀. Ó bojú wẹ̀yìn wò mí.

"Rọ́fíà, ìwọ ni Mùsùlùmí. Wá ká a. Kò kan ìwọ."

"Ṣé ìwọ kì í ṣe Kírísítẹ́nì ni?"

"Kírísítẹ́nì ni mí. Ṣùgbọ́n bàbá mi àgbà ò tíì gbọ́."

Mo rẹ́rìn-ín, bẹ́ẹ̀ inú mi kò dùn. Àwọn apẹja mélòó kan ti dúró lọ́ọ̀ọ́kán tí wọ́n ń wò wá. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n ràn wá lọ́wọ́. Ọ̀kan nínú wọn dá mi lóhùn pẹ̀lú sùúrù, ó ní ẹni tó pa àálè ló ń ká a, àti pé bí àlejò bá fa ọ̀pá yẹn tu lójú gbogbo ayé, ta ló tún máa ka ọ̀rọ̀ Bàbá Wùnmí sí ní abúlé yìí? Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ẹ̀rù bà mí, mi ò ní sọ pé kò bà mí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọkùnrin yìí ló dá mi dúró ju ẹ̀rù lọ. A ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn ènìyàn yìí. Ṣé a tún fẹ́ gba ọ̀rọ̀ ẹnu lọ́wọ́ àgbàlagbà tó dúró tì wá?

Ìṣòro wa ni pé Bàbá Wùnmí kò sí nílé. Ilé ìwòsàn kan ní Ìjẹ̀bú-Òde ló wà, níbi tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, Mọ̀mí Tíṣà ló sì ń tọ́jú rẹ̀. Mo gun orí ọkọ̀ ojú omi kan tí wọ́n dojú rẹ̀ dé sórí yanrìn, nítorí ibẹ̀ nìkan ni fóònù ti máa ń wọlé, mo pè wọ́n. Mo ṣàlàyé fún Bàbá. Mo ní kí wọ́n kọ́ mi ní ọ̀rọ̀ tí mo máa sọ, n ó sọ ọ́, n ó sì ká a.

Bàbá ní kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan. Òun tàbí ẹ̀jẹ̀ òun ló lè ká a.

"O mọ ẹni tí mò ń sọ," ló wí.

"Mo mọ̀ ọ́n, sà."

"Kò ní gbà. Ṣùgbọ́n lọ."

Wùnmí wà nídìí ààrò rẹ̀ tó ń yí ẹja. Obìnrin tó ga ni, tó dúdú, tí ẹnu rẹ̀ mú. Mi ò tíì bá a sọ ju "ẹ kú iṣẹ́" lọ láti ìgbà tí mo ti dé. Nígbà tó rí mi, kò dìde.

"Àǹtí Oníjàpá, ẹ káàárọ̀. Ṣé ẹ wá yẹ inú agbọ̀n mi wò ni?"

Mo kúnlẹ̀ kí i. Bí mo ṣe la ẹnu, gbogbo ohun tó wà nínú mi ló tú jáde. Mo sọ ti òkun, mo sọ ti àálè, mo sọ ohun tí bàbá rẹ̀ wí. Mo sọ fún un pé mo mọ̀ pé kò yẹ kí n wá sọ́dọ̀ rẹ̀, pé ojú ń tì mí, pé mi ò sùn dáadáa láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé Bàbá lọ, pé bí ẹyin wọ̀nyí bá bàjẹ́ mi ò mọ ohun tí n ó padà lọ sọ nílé, àti pé mo tún mọ̀ pé kò yẹ kí ìyẹn jẹ́ ìṣòro tirẹ̀. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó sì fi igi ìdáná tọ́ka sí mi.

"Ṣé bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ nílé yín nìyí? Mo kí yín káàárọ̀, ẹ ka odindi ìwé fún mi."

"Ẹ má bínú."

"Ẹni tó pa á, kó wá ká a."

"Wọ́n wà ní ilé ìwòsàn, mà."

"Mo mọ̀. Gbogbo abúlé ló sọ fún mi. Òun nìkan ni kò sọ fún mi."

Mo kàn wà lórí ìkúnlẹ̀ níbẹ̀, èéfín ń wọ̀ mí lójú. Mo rò pé bí mi ò ṣe sọ nǹkan kan mọ́ ló jẹ́ kó tẹ̀ síwájú. Ó bi mí bóyá mo wo àkísà pupa tó wà lára ọ̀pá náà dáadáa. Mo ní mo rí i. Ó ní ìró ìyá òun ni. Ìró tí wọ́n fi pọn òun nígbà tí òun wà lọ́mọ ọwọ́ ni, tí ìyá òun fi pamọ́ títí ó fi kú. Ó ní òun dá a mọ̀ láti òkèèrè ní ọjọ́ tí bàbá òun gbé e kọ́.

"Kò rí àkísà mìíràn ní gbogbo ayé," ó ní. "Aṣọ ìyá mi ló fà ya láti fi gégùn-ún fún mi."

Mo dìde. Mi ò lè ṣàlàyé ohun tó wọ̀ mí lára, nítorí pé èmi kì í ṣe ẹni tó máa ń dá sí ọ̀rọ̀ ìyá àti ọmọ tàbí bàbá àti ọmọ. Ṣùgbọ́n mo bẹ Wùnmí kó tẹ̀ lé mi lọ sórí ọkọ̀ tí wọ́n dojú rẹ̀ dé. Ó ní òun ò ní lọ. Ó dé ibẹ̀ kí fóònù náà tó wọlé. Mo jẹ́ kí ohùn Bàbá jáde síta kí àwa méjèèjì lè gbọ́. Mo sọ fún un pé ọmọ rẹ̀ ń béèrè ìdí tó fi mú ìró ìyá rẹ̀.

Mọ̀mí Tíṣà ń sọ fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan pé kó rọra.

"Wùnmí," ló kọ́kọ́ sọ.

Mo ní, "Wọ́n ń gbọ́ yín, sà."

"Ta ló sọ fún ẹ pé ìwọ ni mo pa á fún?"

"Ta ló tún ń wú ẹyin ní abúlé yìí, Bàbá?"

"Ìwọ ni. Ìwọ àti àwọn ará òdìkejì omi tó ń wọ ọkọ̀ wá. Gbogbo yín ni mo pa á fún. Ẹ̀rù wá bà mí nítorí rẹ." Ó sinmi díẹ̀. "Mo ní àkísà pupa mìíràn nílé, mo fi í sílẹ̀. Mo mú èyí tí wọ́n fi pọ̀n ẹ́. Aṣọ tó gbé ọmọ sẹ́yìn kò lè pa ọmọ náà lára. Mo ní kódà bí o bá fọwọ́ kàn án, yóò dá ẹ mọ̀, yóò fi ẹ́ sílẹ̀."

Afẹ́fẹ́ ń fẹ́, omi ń ró, Wùnmí ń wo fóònù tó wà lọ́wọ́ mi bí ẹni tí kò rí irú rẹ̀ rí.

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

"Tí mo bá sọ fún ẹ, ṣé o ò ní lọ wú u lọ́jọ́ kejì?"

Mo gbọ́ tí ẹnì kan rẹ́rìn-ín lórí ibùsùn kejì ní ilé ìwòsàn. Wùnmí kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "N ó wú u," ó sì yí padà, ó gba ọ̀nà etí òkun lọ, kò dúró dè mí.

Nígbà tó dé ìdí ọ̀pá náà, gbogbo ènìyàn sún sẹ́yìn. Ó kúnlẹ̀, ó sọ ọ̀rọ̀ kan sí yanrìn. Mi ò gbọ́ ọ, mi ò sì bi í títí di òní. Ó tú àkísà náà, ó ṣẹ́ ẹ po, ó fi í sínú búbà rẹ̀ lápá ọkàn. Ó wá fa ọ̀pá náà tu, ó sọ bàtà àti ìgbálẹ̀ sínú òkun, ó yíjú sí mi.

"Ó yá, Rọ́fíà. Kí lò ń wò?"

Ọwọ́ ni a fi ń gbẹ́ irú nǹkan bẹ́ẹ̀, a kì í lo ṣọ́bìrì. Ẹyin ìjàpá òkun tóbi tó bọ́ọ̀lù kékeré tí wọ́n fi ń gbá tẹnísì orí tábìlì, èèpo rẹ̀ sì rọ̀ bí awọ. Ìlànà tó ṣe pàtàkì jù ni pé a kò gbọ́dọ̀ yí i. Bó ṣe dùbúlẹ̀ nínú kòtò ni yóò ṣe dùbúlẹ̀ nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, nítorí pé ọmọ inú rẹ̀ ti fara mọ́ apá kan èèpo náà, bí a bá dojú rẹ̀ dé, ó lè kú. Wùnmí kò mọ èyí. Ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀kúnwọ́ ló fẹ́ máa kó o, bó ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó rọra. Ó ní ṣé èmi ni n ó kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń kó ẹyin ni.

Ṣẹ́gun ló dá a lóhùn. "Ẹ̀gbọ́n, inú ìkòkò ni ẹ̀yin ń kó o lọ. Àwa ń gbé e relé."

Ìgbà yẹn ni Wùnmí rẹ́rìn-ín. Ó sì ń rọra láti ìgbà náà, ó ń gbé ẹyin kọ̀ọ̀kan bí ẹni gbé ìkòkò ọbẹ̀ gbígbóná. A ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí nígbà tí ìgbì ńlá kan wọlé, tí ẹ̀gbẹ́ kòtò náà sì wó. Omi ya wọ inú rẹ̀. Mo gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì sókè, mo ń ké pe Ọlọ́run. Wùnmí ti dojú bolẹ̀, ó ti ki apá bọ omi títí dé èjìká, ó ń kó ohun tó ṣì kù ní ìsàlẹ̀. Ó rí díẹ̀ mú. Ìyókù lọ. Ó jókòó sínú omi níbẹ̀, ó na ọwọ́ sí mi, ó ní, "Mo yí àwọn yìí o. Mi ò lè ṣe kí n má yí wọn." Bó ṣe sọ ọ́, bíi pé ó ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn ẹyin náà, ó dùn mí wọ inú egungun.

A gbẹ́ kòtò mìíràn lẹ́yìn àwọn igi àgbọn, tó jìn bákan náà, a kó wọn sí i, a bò ó. Kò sí àálè lórí rẹ̀. Wùnmí gbé ààrò rẹ̀ wá sí tòsí ibẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ó ní atẹ́gùn ibẹ̀ dára fún ẹja yíyan.

Àníyàn ni mo fi lo àwọn ọjọ́ tó tẹ̀ lé e. Ó pẹ́ jù kí a tó ṣí wọn nípò, ẹyin tí a bá ṣí nípò lẹ́yìn tó ti dàgbà lè bàjẹ́. Bí mo bá jí, mo máa ń gbé etí lé yanrìn, bí ẹni pé n ó gbọ́ nǹkan. Bàbá Wùnmí padà dé láti ilé ìwòsàn. Ohun tí mo rò ni pé òun àti ọmọ rẹ̀ á dì mọ́ra, n ó sì sunkún, mo ti múra ẹkún sílẹ̀ pàápàá. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé Wùnmí gbé ẹja fún un, Bàbá ní iyọ̀ rẹ̀ pọ̀, Wùnmí ní kó lọ yan tirẹ̀. Wọ́n bá ara wọn jiyàn títí oòrùn fi rọ̀. Mo wo Ṣẹ́gun, ó ní kí n má bá wọn dá sí i, pé àlàáfíà ti dé nìyẹn.

Ìrọ̀lẹ́ kan, kí ilẹ̀ tó ṣú, ojú yanrìn lórí ìtẹ́ náà rì díẹ̀. Orí kékeré kan yọ, lẹ́yìn náà òmíràn, kò pẹ́, gbogbo ibẹ̀ ń hó bí omi ìkòkò. Àwọn ọmọ náà kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lọ. Wọ́n dojú kọ òkun, wọ́n ń lọ, ẹnikẹ́ni kò fi ọ̀nà hàn wọ́n. Wùnmí ń fi igi ìdáná lé akàn kúrò lọ́nà wọn, ó ń bú akàn náà. Bàbá jókòó sórí àpótí, ó ń kí wọn ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan bí ẹni kí àlejò. Kì í ṣe gbogbo ẹyin ló pa. Nígbà tí a tú ìtẹ́ náà wò lẹ́yìn náà, a rí àwọn tó bàjẹ́, mo sì ronú nípa wọn jù bó ṣe yẹ. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ló lọ. Mo fi fọ́nrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí ìyá mi. Ó pè mí, ó ní òun fi han gbogbo ìsọ̀ tó yí òun ká ní Òkè-Ajé, ó sì bi mí kí ló dé tí mi ò fi bàtà sẹ́sẹ̀ nínú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tó kù ló mú mi kọ ìwé yìí. Àwọn ìjàpá yóò tún gòkè wá nígbà tí òjò bá dáwọ́ dúró. Mọ̀mí Tíṣà ní ara òun kò gba ọkọ̀ ojú omi mọ́, ó ti fi etíkun náà lé mi lọ́wọ́. Bàbá Wùnmí ní kí a tún pa àálè, nítorí àwọn ará òdìkejì ti ń wọ ọkọ̀ wá wo etíkun, ó sì mọ̀ pé ohun tí wọ́n bẹ̀rù nìyẹn. Ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbọ̀n, ó fẹ́ kí èmi pa á, kí n fi aṣọ tèmi sí i. Wùnmí ti gbà láti bá wa ṣọ́ ìtẹ́, ṣùgbọ́n ó ní bí òun bá tún rí àkísà pupa lórí yanrìn yẹn, òun ó padà sí ìdí ààrò òun, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ wá bẹ òun. Ó ní òun mọ bó ṣe rí lára kí ènìyàn jí ní àárọ̀ kó rí àálè tó dojú kọ ọ́, òun kò fẹ́ ẹ fún ọmọ ẹlòmíràn, ì báà jẹ́ olè. Ìyá mi ní ọmọ òun kò ní pa àálè kankan. Ẹnì kan tún ti fi iṣẹ́ lọ̀ mí ní Ìjẹ̀bú-Òde, iṣẹ́ tó dúró, wọ́n ń retí èsì mi.

Bí mo bá ro ti Bàbá, ó tọ́. Bí mo bá ro ti Wùnmí, òun náà tọ́. Bí mo bá lọ, mo ń bẹ̀rù pé ara á tù mí, n ó sì máa kórìíra ara mi nítorí ìtura náà. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe olórí iṣẹ́ rí, ẹ̀yin tí ẹ ti wà láàárín bàbá àti ọmọ tí ẹ nífẹ̀ẹ́ àwọn méjèèjì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ fún mi: ṣé kí n pa àálè náà, àbí kí n gbẹ́kẹ̀ lé Wùnmí?